Fóònù Tí Mo Ní Kí Wọ́n Jó Pa

Ojú mi méjèèjì yìí ló ṣe. Ẹnìkan ò rò ó fún mi, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, torí oríṣiríṣi ẹnu ló ti sọ ọ̀rọ̀ yìí kiri Akówónjọ. Àwọn kan ní oorun ló gbé mi lọ. Àwọn kan ní ṣe ni mo ta àyè àwọn èèyàn mi. Irọ́ gbuu ni. Mo lajú sílẹ̀ kedere, fóònù wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì rí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò fi bò. Kí n tó parí ìkẹfà ọ̀hún gan-an ni bàbá mi ti mú mi lọ sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ẹ béèrè mi láti Akówónjọ títí dé Kọ́máǹdì, wọ́n á sọ fún yín pé ajórin kan ń bẹ tí géètì rẹ̀ kì í han létí tí wọ́n bá ń ṣí i. Èmi ni. Búgúlárì tí mo bá jó sójú fèrèsé, olè tó bá fẹ́ já a, kó yáa lọ já ògiri, ògiri ló máa tètè gbà. Ọkùnrin kan ní Ẹ̀gbẹ́dá sọ fún mi nígbà kan pé kí n fi ojú kan sílẹ̀ nínú búgúlárì yàrá òun, ojú tó ṣeé ṣí láti inú, torí iná. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé olè lẹ ń ṣe é fún ni àbí ara yín?” Mo jó o pa yíká.

Àwa méje la wà ní ìlà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kan. Èmi ajórin, fọkanáísà, káfíńtà, rẹwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ẹni tó ń kun mọ́tò, Bàbá onífóòmù tó ń ṣe àga sófà, àti Màmá sùtánà tó ń rán aṣọ funfun fún àwọn ìjọ Aládùúrà. Ọdún méjìlélógún la lò níbẹ̀. Èmi ni alága. Kò sẹ́ni tó bá mi du ipò náà rí, ta ló fẹ́ dù ú?

Ó ní òfin kan tó wà láàárín wa. Ìwé yòówù tó bá wọ ìlà, fọ́ọ̀mù ni o, tíkẹ́ẹ̀tì ni o, alága nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Láyé àtijọ́, kálukú ló ń bá àwọn tó ń gba owó òde sọ̀rọ̀, kálukú ló sì ń buwọ́ lu ohun tí kò yé e. A wá pinnu pé ẹnu kan ṣoṣo ni ìlà wa máa ní. Ẹnu mi ni. Bí fọ́ọ̀mù bá dé, wọ́n á kó nọ́ńbà wọn wá fún mi, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìdí ṣọ́ọ̀bù mi, èmi á sì ṣe é tán. Tí mo bá ti ní “Ó ti wọlé,” ó parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ẹ̀rí.

Ní ti fóònù, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Orí fóònù ni mo ti ń fi àwòrán géètì han àwọn oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, wòlíì ìjọ kan wá pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ méjì, wọ́n fẹ́ ṣe géètì ńlá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀, wọn ò wọ bàtà. Mo ṣí sáìtì tí àwòrán géètì wà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù lé wòlíì lọ́wọ́. Ó ń wò ó, ó ń mi orí. Ló bá kan ìpolówó. Ohùn obìnrin kan bú jáde lórí fóònù, ó lọ sókè fatafata, “Bọ̀dá, ṣé ẹ kì í pẹ́ lórí iyàwó yín? Ẹ̀rọ̀ ti dé!” Wòlíì na fóònù jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni tó gbá ẹyin iná mú. Mo gbà á, mo ń wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè dákẹ́, ibi tí mo tẹ̀ ló tún mú kí àwòrán ìgò oògùn náà kún ojú fóònù.

Bàbá onífóòmù, tó wà lórí bẹ́ǹṣì tó ń já fóòmù, ò lè mú un mọ́ra. Ó ní, “Alága, ṣé ìyẹn náà bá géètì wá ni, àbí ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa san tiẹ̀?”

Àwọn aláṣọ funfun ní àwọn ń bọ̀. Títí di òní, wọn ò tíì dé.

Èmi tí mo ń dènà olè fún odidi Alimọ̀ṣọ́, olè wá ń bá fóònù mi wọlé lójú mi! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo fi wọ ọkọ̀ Ìkòtún, lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bùráúsà yín ló fà á.” Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ni ilẹ̀kùn tí fóònù ń gbà bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé èyí tó bá fóònù mi wá ò ní ẹ̀ṣọ́, gbogbo ẹni tó bá ti ń kọjá ló ń jẹ́ kó wọlé. Ó ní òun lè fi òmíì síbẹ̀ tó ní adènà ìpolówó nínú, kí òun sì pa ti tẹ́lẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ tó yé mi nìyẹn. Ṣe é.”

Ó ṣe é. Ó ní adènà yẹn ní ipele mẹ́ta, èyí tó rọ̀, èyí tó wà láàárín, èyí tó le. Mo ní kó fi í sí èyí tó le.

“Ẹ̀gbọ́n, tó bá le jù, àwọn sáìtì kan ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé fèrèsé kékeré ni wọ́n máa ń ṣí síwájú yín kí ẹ tó lè parí ohun tẹ́ ẹ ń ṣe. Adènà ò mọ̀yàtọ̀ o, ó máa pa á.”

“Sáìtì tí ò bá lè dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kó jókòó sílé ẹ̀ jàre. Fi í sí èyí tó le.”

Ó tún ní òun lè fi nọ́ńbà tì í, kí àwọn ọmọ ilé má bàa lọ tú u. Inú mi dùn. Ó ní nọ́ńbà wo ni mo fẹ́. Ibí yìí gan-an ni mo ti ṣe é, mi ò lè purọ́ fún yín. Iṣẹ́ mi ló kọ́ mi pé ẹni tó bá mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, olè lè fi ìbọn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ gbà? Mo bá sọ fún un pé, “Má bi mí. Kọjú sí títì, kí o máa tẹ nọ́ńbà lọ láìwò ó. Má jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Kí ìwọ náà má mọ̀ ọ́n.”

Ó wo ojú mi. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ṣàwàdà?”

“Ìwọ sáà jó o pa.”

Ó kọjú sí títì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, ó sì tún un tẹ̀ níbi tí fóònù ti ní kó tún un tẹ̀, ìka rẹ̀ kàn ń rántí ọ̀nà ni. Nígbà tó fi máa dá fóònù padà fún mi, ó ti gbàgbé. Mo sanwó, mo gbé fóònù sí àpò àyà, mo sì ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìpolówó kankan tó tún yọjú lórí fóònù mi. Dátà tí mo ń rà fún ọ̀sẹ̀ kan wá ń lo ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ìlà ló gbọ́. Fọkanáísà gbọ́, oníbàárà fọkanáísà náà gbọ́. Mo ń pe Màmá sùtánà, tó ń lo fóònù kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti sán, mo ní, “Màmá, fóònù yín tún ti ń kiri ọṣẹ o!”

Yóò yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. “Alága, ẹni tó ń polówó ọjà ò tíì gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo máa ń pa á dé ni, mo sì máa ń bá tèmi lọ.”

“Ẹ̀ ń jìyà lásán ni.”

“Kí Olúwa fi ìyà náà dá mi lọ́lá.”

Báyìí la wà tí onílẹ̀ fi ta ilẹ̀. Kò tilẹ̀ bá wa jà. Ó wá fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá onífóòmù, ó ní òun ti tà á, kí a jọ̀wọ́ kó ẹrù wa kí oṣù tó parí. Ẹnu yà wá. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà la gbọ́ pé àwọn kan ti kọ́ ọgbà tuntun fún oníṣẹ́ ọwọ́ lápá Ìgàndó. Sìmẹ́ńtì nílẹ̀, páànù lókè, iná tó dúró, ojú ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà wọlé. Ogójì ṣọ́ọ̀bù ni. Owó ilẹ̀ rẹ̀ ò ju èyí tí à ń san lọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́, kí kálukú forúkọ sílẹ̀ lórí sáìtì wọn pẹ̀lú nọ́ńbà NIN àti nọ́ńbà fóònù tirẹ̀, kó sì mú ṣọ́ọ̀bù tó bá wù ú. Ẹnìkan, ẹ̀ẹ̀kan. Aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa tì í.

Bí a bá rí ibẹ̀, ìlà wa ò tú ká. Bí a ò bá rí i, kálukú á máa wá ibi tó máa forí sí lẹ́yìn ọdún méjìlélógún. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì wo ojú mi.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Màmá sùtánà nìkan ni kò sí níbẹ̀, ó wà níbi àwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ní ìjọ wọn. Mo kọ́kọ́ ṣe tèmi. Orúkọ, NIN, nọ́ńbà, fọ́tò, iṣẹ́. Ó ń lọ mọ́ọ̀. Mo dé ojú ewé tó kẹ́yìn, mo rí ibi tí wọ́n kọ Yan Ṣọ́ọ̀bù sí, mo tẹ̀ ẹ́. Òrùka kékeré kan yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pòórá. Ojú ewé náà wà bó ṣe wà. Mo tún un tẹ̀. Ó tún yí, ó tún pòórá.

Bàbá onífóòmù na ọrùn. “Alága, ó ti wọlé?”

Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó mọ̀. “Ó ti wọlé, Bàbá. Ó kan tiyín.”

Mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á ṣàánú mi kí ilẹ̀ tó ṣú, màá sì parí gbogbo rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo ṣe ti Bàbá. Òrùka yí, ó pòórá. “Ó ti wọlé.” Mo ṣe ti fọkanáísà. Mo ṣe ti káfíńtà, ti rẹwáyà, ti akunmọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n sì ní “Alága, ẹ ṣeun o.” Káfíńtà ra ẹlẹ́rìndòdò tútù fún mi. Mo mu ún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo gun orí àkàbà lọ tẹ̀ ẹ́ lókè páànù. Mo pààrọ̀ síìmù. Mo pa fóònù, mo tún un tàn. Lọ́jọ́rú, mo tẹ̀ ẹ́ nínú ilé ìyàgbẹ́ títí ìyàwó mi fi kan ilẹ̀kùn. Àwọn ará ìlà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Rẹwáyà ti tú bọ́ọ̀dù rẹ̀ lára ògiri. Bàbá onífóòmù ní òun ò gba iṣẹ́ tuntun mọ́, pé ó di Ìgàndó. Ẹrù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dì, ṣe ló dà bíi pé ara ọrùn mi ni wọ́n ń dì í mọ́.

Mo fẹ́ sọ fún wọn. Mo fẹ́ ẹ, mo sì ń wo ẹnu mi tí kò ṣí. Ta ló máa gbọ́ ọ? Fọkanáísà tí mo ti ń fi adènà mi yangàn sí létí fún odidi oṣù mẹ́ta?

Lọ́jọ́bọ̀, mo yọ́ lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣí sáìtì náà lórí kọ̀ǹpútà, sáìtì ní bùráúsà ibẹ̀ ti pẹ́ jù, kí ó lọ wá tuntun. Ó ṣí i lórí fóònù ara rẹ̀, ó ṣí. Ó tẹ nọ́ńbà mi sí i, ọ̀rọ̀ pupa kan jáde. Ó kà á sí mi létí: nọ́ńbà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀, ẹ lọ parí rẹ̀ nínú bùráúsà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n rí fóònù yín, sà.” Ó wò ó díẹ̀. “Áà. Fèrèsé kékeré kan ló yẹ kó ṣí tẹ́ ẹ bá tẹ ibí yìí. Adènà yín ló ń pa á, ó rò pé ìpolówó ni. Ẹ kàn sọ ọ́ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.” Ó tẹ ibi kan. “Ó ń béèrè nọ́ńbà. Kí ni nọ́ńbà ẹ̀, sà?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Ta ló mọ̀ ọ́n?”

“Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ gbàgbé ẹ̀ ni?”

“Rárá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní kó rí.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá sàn. Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ní yàrá, mo ń wo ojú fèrèsé. Búgúlárì tèmi fúnra mi ni mo ń wò, irin gidi, mo jó o pa yíká, kò sí ojú kankan níbẹ̀. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá. Ó wò mí títí, ó tẹ̀ lé ojú mi lọ sí fèrèsé. Ó ní, “Dádì, mo ti ń fẹ́ bi yín tipẹ́. Tí iná bá sọ, ibo la máa gbà?”

Mi ò jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Bàbá onífóòmù ti Jímọ̀ọ̀ dé, ẹní ìkírun rẹ̀ ṣì wà ní abíyá. Màmá sùtánà náà dé láti ibi àwẹ̀, ó rù díẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Aago kan ti lọ dáadáa. Ó ní, “Alága, mo gbọ́ pé ẹ ti ṣe ti gbogbo ìlà. Ẹ jọ̀ọ́, ó kù tèmi.”

Mo ní àtàǹpàkò mi ti bó, kó máa ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀, màá máa darí rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó yọ fóònù kékeré tí ojú rẹ̀ sán. Ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìpolówó ọṣẹ kan já lu ojú fóònù, ó pa á dé. Òmíì tún jáde, ti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ó pa á dé, ó ní “Sátánì.” Ó dé ojú ewé tó kẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́. Fèrèsé kékeré kan ṣí. Gbogbo ọgbà Ìgàndó wà nínú rẹ̀ bí ẹni ń wò ó láti ojú ọ̀run, àwọn ṣọ́ọ̀bù lẹ́sẹẹsẹ, nọ́ńbà lára kálukú. Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ Ajé nìyẹn, ó wà lórí fóònù tó ń kiri ọṣẹ.

Màmá sùtánà gbójú sókè. “Alága, nọ́ńbà mélòó lẹ mú? Kí n mú èyí tó sún mọ́ ti yín.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú fóònù tèmi.

Bàbá onífóòmù ní, “Ó tọ́ o. A ò tilẹ̀ béèrè. Èmi ńkọ́, alága, mélòó ni tèmi?”

Káfíńtà náà ti sún mọ́ wa. Mo ń wo ilẹ̀. Epo dúdú kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo ṣì rí àmì rẹ̀ títí di òní.

“Àwọn tó jẹ́ àwọ̀ ewé, àwọn ni wọn ò tíì mú,” Màmá sùtánà ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. “Èyí tó kù pọ̀ o. Mẹ́tàlá. Mẹ́fà sì wà tó tẹ̀ lé ara wọn níbí, kò sẹ́ni tó mú wọn…” Ó wo ojú mi, ó sì mọ̀. Obìnrin yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀.

Mo ní, “Kò tíì wọlé.”

Bàbá onífóòmù ní, “Èwo ni ò tíì wọlé?”

“Kò sí èyí tó wọlé nínú ẹ̀, Bàbá.”

Fọkanáísà ju irin tó fi ń tú taya sílẹ̀. “Alága! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ó ti wọlé! Mo ti gba owó ilẹ̀ mi padà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fún mi láyè ní Òkè-Odò! Ẹnu yín ni mo gbà gbọ́!”

Bàbá fa apá rẹ̀. “Pariwo lọ́la. Aago mélòó ló lù?”

Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù. Èmi àti Bàbá jọ gun ọ̀kadà kan náà lọ sí Ìkòtún. Ọkùnrin alágboòrùn wà níbẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò tíì kúrò. Mo na fóònù sí i. Ó rántí mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní kí n má wò ó.”

“Mo mọ̀. Rántí ẹ̀.”

“Kí ni mo fẹ́ rántí? Mò ń wo ọlọ́gẹ̀dẹ̀ nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́.”

Ó ní òun lè nu bùráúsà náà mọ́, gbogbo títì rẹ̀ á lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo fọ́ọ̀mù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ á bá a lọ, sáìtì á sì máa sọ pé kí a lọ parí wọn níbi tí kò sí mọ́. Tí a ò bá nù ún, a ò lè ṣí fèrèsé. Tí a bá nù ún, kò sí ohun tí fèrèsé máa ṣí fún. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá mo lè rí ọ̀nà kan láàárín méjèèjì. Kò sí.

A pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ sáìtì. Ó ń dún. Ó ń dún ṣá ni.

Ó wá ku kí a máa méfò. Ọkùnrin náà gbé ìka sórí rẹ̀, ó kọjú sí títì, ó ní bóyá ìka á rántí. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ó tún un tẹ̀. Kò gbà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, fóònù ní kí a dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. A dúró. A tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí a dúró fún ìdajì wákàtí. A dúró. Bàbá onífóòmù jókòó sórí kéréètì, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá. A tún tẹ̀ ẹ́, ó ní wákàtí kan.

Wákàtí kan! Mo gbá fóònù náà mú, mo ń wo bí àwọn ìṣẹ́jú yẹn ṣe ń dín kù lójú rẹ̀. Ó dára gan-an, adènà yẹn. Ó lágbára. Ká ní irin ni, èmi ni ì bá jó o. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì kó tó gbà wá láyè láti tún un tẹ̀ nígbà tí ìrun Àsàrì bẹ̀rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn wa. Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́rin ti lù.

Kò bú mi. Ó dìde, ó gbọn ìdí àgbádá rẹ̀. Ó ní, “Alága, o lè sọ fún wa lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ márùn-ún gbáko. Fọ́ọ̀mù tèmi ni ìkejì. Ká ní o sọ ọ́ lẹ́yìn tìrẹ, tìrẹ nìkan ni ì bá bọ́.” Ó sì lọ kírun.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí Ìgàndó fúnra mi. Ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu géètì ní orí sáìtì ni gbogbo nǹkan wà, pé òun ò mọ nǹkan kan. Mo wo géètì náà. Ẹni tó jó o ò mọṣẹ́.

Iwájú ilé mi ni mo ti ń jórin báyìí. Iṣẹ́ ṣì ń wá, ẹni tó bá fẹ́ géètì tí kì í dún, ó mọ ilé mi. Àmọ́ mo ṣèlérí pé ohun tójú mi rí ni màá kọ, màá sì ka ohun tó lọ.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà: ti ajórin, ti onífóòmù, ti fọkanáísà, ti káfíńtà, ti rẹwáyà, ti akunmọ́tò. Ìlà kan, ọdún méjìlélógún. Bẹ́ǹṣì kan, wọ́n fi dáná. Ọ̀rẹ́ kan, Bàbá onífóòmù, ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ipò alága kan. Ẹni tó kù ní Ìgàndó, ẹyọ kan, ṣọ́ọ̀bù kẹtàdínlógún, ó ń rán sùtánà.